GEORGES MÉLIÈS, ẸNI TÍ Ó FI RÉLÙWÉÈ KÉKERÉ DÉ INÚ OÒRÙN

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn àwọn ènìyàn ńlá, ogun àti ìjọba ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀. Lónìí a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa bá wa yà kúrò ní ojú ọ̀nà náà díẹ̀, kí a lè sọ ìtàn ọkùnrin kan tí kò jagun, tí kò sì jọba, ṣùgbọ́n tí ó fi páálí, igi, ọ̀dà, àti ọkọ̀ ojú irin kékeré bí ohun ìṣeré ọmọdé ṣe iṣẹ́ tí aráyé ń wò títí di òní. Georges Méliès ni orúkọ rẹ̀.

Àwa tí a bí ní Òde-Ìrèlè mọ̀ pé ojú irin kò dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa rí. Odò àti ọ̀sà ni àwọn baba wa ń gbà lọ sí Èkó, ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà ni ó sì ń gbé epo pupa wọn dé ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé ilẹ̀ wa kò tilẹ̀ fojú kan rélùwéè, ó mọ bí a ti ń so okùn mọ́ agolo sàdíìnì òfìfo, kí a fà á káàkiri àgbàlá, kí a sì pè é ní mọ́tò. Ẹni tí ó bá rántí eré náà yóò tètè mọ irú ènìyàn tí Méliès jẹ́, nítorí ohun tí àwa fi sílẹ̀ nígbà tí a dàgbà, òun kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1861 ni a bí i ní ìlú Paris, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ bàtà ni iṣẹ́ ilé wọn. Alágbàṣe aránbàtà ni baba rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀; ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì; ilé iṣẹ́ bàtà ni àwọn méjèèjì sì ti pàdé. Wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́ títí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú sì ń wá ra bàtà lọ́wọ́ wọn. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n tọ́: Henri, Gaston, àti Georges tí í ṣe àbíkẹ́yìn. A bẹ̀ yín kí ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Nígbà tí Georges wà ní ọmọdé, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Faransé àti àwọn Jámánì ní 1870. A mú un kúrò ní ilé ìwé tí ó ń lọ, a sì gbé e lọ sí Louis-le-Grand, ilé ìwé kan tí ó lókìkí púpọ̀ ní Paris. Ó mọ̀wé, ó sì yege nínú ìdánwò àṣejáde ní 1880. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè sinmi. Bí olùkọ́ ti ń kọ́ni ni òun ń ya àwòrán sínú ìwé rẹ̀: àwòrán olùkọ́, àwòrán ẹlẹgbẹ́, àwòrán ààfin tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ìyà sì ń jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń fi páálí kọ́ ilé eré kéékèèkéé, tí ó sì ń ṣe ọmọlangidi tí ó ń mú jó nínú wọn.

Lẹ́yìn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọmọ-ogun tí òfin ilẹ̀ wọn béèrè, baba rẹ̀ rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1884, kí ó lè gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa fún òwò. Níbẹ̀ ni ó ti ń lọ wo eré ní ilé kan tí a ń pè ní Egyptian Hall, níbi tí àwọn onídán ti ń fi ọwọ́ àti ojú sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ìfẹ́ idán wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí ó padà sílé, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkùn, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìdí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ bàtà ni a fi í sí. Kì í ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ nìyí. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà, ọgbọ́n tí ó wá gbé e ró lẹ́yìn ọ̀la.

Ní 1888 baba fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Georges ta ìpín tirẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ra Théâtre Robert-Houdin, ilé eré idán kan tí orúkọ rẹ̀ ti kàn tipẹ́ ní Paris. Fún ọdún méje lẹ́yìn náà ó ń pidán níbẹ̀, ó ń kun aṣọ ìkélé, ó sì ń ṣe ẹ̀rọ tuntun fún eré alẹ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, àwọn Lumière pè é pẹ̀lú àwọn ènìyàn mìíràn wá wo ohun tuntun kan. A ta aṣọ funfun sí ara ògiri, a pa iná, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú wọn. Méliès fẹ́ ra ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọn kò tà á fún un. Òun kò káwọ́ gbera. Ó ra irú ẹ̀rọ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ Robert Paul, ó sì tún un ṣe títí ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán hàn fi di ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán. Ọgbọ́n tí ó kọ́ ní ìdí ẹ̀rọ bàtà ni ó lò. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin ọdún 1896, sinimá ti wọ ilé eré rẹ̀. Ní ọdún 1896 yìí kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, èyí tí a ṣí dé Ìbàdàn ní 1901.

Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Lumière tí ó lókìkí jù lọ fi ọkọ̀ ojú irin hàn bí ó ti ń wọ ibùdókọ̀ La Ciotat ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ó wà ni àwọn Lumière yà. Méliès ní tirẹ̀ fẹ́ ya ohun tí kò sí. Níbi yìí ni ọ̀nà wọn ti pín, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ojú irin tí ń fò lójú ọ̀run, kò sí ibùdókọ̀ tí yóò lọ dúró sí. Àfi kí ó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ó kọ́ ilé kan sí ọgbà ilé ìdílé rẹ̀ ní Montreuil, lẹ́bàá Paris, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Dígí ni ògiri rẹ̀, dígí ni òrùlé rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè wọlé, nítorí ẹ̀rọ ayàwòrán ìgbà náà kò lè ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Nínú ilé yìí ni Méliès ti jẹ́ gbogbo nǹkan. Òun ni ó ń ro ìtàn, òun ni ó ń ya àwòrán ẹ̀yìn, òun ni ó ń darí àwọn òṣèré, òun fúnra rẹ̀ sì ni olórí òṣèré nígbà púpọ̀. Ó ṣàwárí pé bí a bá dá ẹ̀rọ dúró, tí a yí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ padà, tí a sì tún yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ẹni tí ń wòran yóò rí i bí ẹni pé ohun kan di òmíràn ní ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín 1896 sí 1912 ó ṣe fíìmù tí ó lé ní 500.

Ní 1902 ó ṣe ìrìn-àjò sínú òṣùpá, èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ wo sinimá ní Gbọ̀ngàn Glover. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1904, Méliès ṣe iṣẹ́ tí ó mú wa kọ ìtàn yìí. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Le Voyage à travers l'impossible, èyí tí í ṣe ìrìn-àjò láàárín ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ìtàn náà lọ báyìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ọgbọ́n wọn kò pé tó bí wọ́n ti rò pinnu láti rin ìrìn-àjò tí ẹnikẹ́ni kò rìn rí. Wọ́n gun mọ́tò lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Switzerland, mọ́tò náà sì dànù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti jí. Ojú kò tì wọ́n. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tí a so àpò ńláńlá tí afẹ́fẹ́ kún mọ́ lórí. Ọkọ̀ náà sáré gun òkè Jungfrau, ó dé ṣóńṣó rẹ̀, kò sì dúró, ó fò sójú ọ̀run láàárín àwọn ìràwọ̀, títí oòrùn fi la ẹnu tí ó sì gbé e mì. Níbẹ̀ ni ooru ti fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n sá wọ àpótí yìnyín, wọ́n sì gan sínú rẹ̀, títí ẹnì kan tí ó ṣẹ́kù fi dáná yọ́ wọn. Ọkọ̀ abẹ́ omi ni ó gbé wọn já bọ́ padà sínú òkun ayé yìí. Gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, èyí tí ó gùn púpọ̀ fún fíìmù ìgbà náà. Àwọn obìnrin ní ilé iṣẹ́ Elisabeth Thuillier ni wọ́n fi ọwọ́ kun irú àwọn fíìmù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀, àwòrán kéékèèkéé kan lẹ́yìn òmíràn.

Báwo ni ọkọ̀ ojú irin ṣe gun òkè láti inú ọgbà ní Montreuil? Ọkọ̀ kékeré ni, òkè kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀, nítorí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó súnmọ́ ojú a máa tóbi ju èyí tí ó jìnnà lọ. Bí a bá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ojú, ó lè bo igi ìrókò mọ́lẹ̀. Àwa ènìyàn ní ojú méjì, àwọn méjèèjì sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti mọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ayàwòrán ní. Bí a bá gbé e sísàlẹ̀ kí ó dọ́gba pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré náà, tí a fi àwòrán òkè àti sánmà sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì rí i pé ọwọ́ ènìyàn tàbí ẹsẹ̀ tábìlì kò yọjú, ẹni tí ń wòran kò ní ohun kankan tí yóò fi wé e. Nígbà náà ohun tí a fi í pè ni yóò jẹ́. Méliès fi ọgbọ́n mìíràn kún un: ó kọ́kọ́ fi àwọn òṣèré hàn nínú ọkọ̀ tí ó tóbi tó ènìyàn, lẹ́yìn náà ni ó fi ọkọ̀ kékeré hàn lórí òkè. Ọkàn ẹni tí ń wòran fúnra rẹ̀ ni ó so méjèèjì pọ̀. Lónìí, àwọn tí wọ́n ń to ojú irin kékeré sínú ilé wọn, tí wọ́n sì ń ya á bí ó ti ń sáré láàárín àwọn ilé páálí, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò.

Ní 1907 ó tún padà sí ọ̀rọ̀ ojú irin. Ó ṣe fíìmù nípa ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ààrẹ Faransé tí wọ́n lálàá pé a gbẹ́ ihò sábẹ́ òkun láàárín ilẹ̀ méjèèjì, tí rélùwéè sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n jàǹbá dé bá ọkọ̀ nínú ihò náà, àlá sì parí. Àwọn tí wọ́n wò ó rẹ́rìn-ín. Ní 1994 a ṣí ihò náà ní tòótọ́, ọkọ̀ ojú irin sì ń gba ibẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Paris.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ̀dà fíìmù rẹ̀, wọ́n ń tà á, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gaston fi lọ dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní New York ní 1903. Ilé iṣẹ́ sinimá ńláńlá dìde, ọwọ́ ẹnì kan nínú ilé dígí kò sì lè bá wọn dọ́gba. Ní 1911 ó gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Pathé, ilé àti ilé ìyàwòrán rẹ̀ sì ni ó fi dógò. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn kò pa owó. Ìyàwó rẹ̀, Eugénie, kú ní 1913. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀.

Nígbà ogun náà, ìjọba gba ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ tí ó lé ní 400, wọ́n yọ́ wọn láti kó fàdákà inú wọn, ohun tí ó kù ni wọ́n sì fi ṣe gìgísẹ̀ bàtà fún àwọn ọmọ-ogun. Ọmọ aránbàtà tí ó sá fún iṣẹ́ bàtà ni bàtà wá gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Ní 1923 a wó Théâtre Robert-Houdin láti la ọ̀nà títì, ilé Montreuil sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìbànújẹ́ ni ó kó àwọn ojúlówó fíìmù tí ó kù síbẹ̀ jọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun wọ́n. Kò ní ibi tí yóò kó wọn sí mọ́.

Ní 1925 ó fẹ́ Jehanne d'Alcy, obìnrin tí ó ti bá a ṣeré nínú fíìmù láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin náà ní ìsọ̀ kékeré kan ní Gare Montparnasse, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rélùwéè ńlá ní Paris. Ibùdó yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú irin ti sá kọjá ibi ìdúró ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1895, tí ó la ògiri já, tí ó sì forí sọlẹ̀ sí òpópónà nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó ti fi rélùwéè kékeré dé inú oòrùn jókòó sí, ó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé àti àdídùn. Ìgbà òtútù dé, òtútù ń mú un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ooru ń mú un. Àwọn arìnrìn-àjò ń sáré kọjá, wọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń ra ọmọlangidi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 64 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ a kò gbọ́ pé ó fi ìsọ̀ náà ṣe ìtìjú.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àwọn oníwèé ìròyìn rí i, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ léde. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíìmù rẹ̀ káàkiri, wọ́n ń rí ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1929 a ṣe àpèjẹ ọlá fún un ní Salle Pleyel, a sì fi àwọn tí a rí hàn fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ní 1931 a fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá, Louis Lumière fúnra rẹ̀ ni ó sì fi àmì náà sí i láyà. Ìdílé tí kò tà ẹ̀rọ fún un ní 1895 ni ó wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1932 a fún un ní ilé ní Orly, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sinimá. Ó ń yàwòrán níbẹ̀ títí àìsàn fi mú un. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1938, a sì sin ín sí ibi ìsìnkú Père Lachaise ní Paris. Nínú fíìmù rẹ̀ tí ó lé ní 500, nǹkan bí 200 ni a rí títí di òní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ méjì ni a rí dì mú nínú ìgbésí ayé yìí. Èkínní ni pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Púpọ̀ nínú wa yóò lọ kọ́ni ní abúlé tí kò sí ẹ̀rọ, tí àwòrán ara ògiri kò sì ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ bí rélùwéè ti ń gun òkè, amọ̀ wà, páálí wà, agolo wà. Kí a ṣe é dáadáa, kí a gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú ọmọ náà, ọkàn rẹ̀ yóò gbé e kúrò lórí tábìlì, yóò sì gbé e rìn jìnnà ju ibi tí àwa fúnra wa ti dé lọ.

Èkejì ni ti ìpamọ́. Iná àti ogun kò bá lè pa iṣẹ́ Méliès lára tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti rí ẹnì kan tí yóò bá a fi pamọ́ nígbà tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tó o mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ìlú wa ń bẹ, àwọn ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń fi amọ̀ mọ ń bẹ, ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà ń bẹ. Kí a má ṣe dúró de ìgbà tí yóò di àwátì kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.